Ìwé Tí Ó Dùn Kì í Dá Rìn

Ní ẹ̀bá títì Ìkòròdú, ní Ọbaníkòró, ni ilé-ẹ̀kọ́ Baptist Academy wà lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó ní ọdún 1855. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ rìn wọ Ṣómólú yóò bá àwọn atẹ̀wé lẹ́nu iṣẹ́: àwọn kan ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, àwọn kan ń tẹ kàlẹ́ńdà, àwọn mìíràn ń di ìwé ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀. Ní àdúgbò tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìtẹ̀wé ti súnmọ́ ara wọn báyìí, ó yẹ kí ìwé máa rìn bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní ẹsẹ̀. Ẹnu ènìyàn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú ìjókòó yìí nìyí: ọ̀nà wo ni ẹni tí ó gbádùn ìwé kan, yálà ó fi ojú kà á ni tàbí ó fi etí gbọ́ ọ, lè gbà mú kí ẹlòmíràn náà gbádùn rẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni ìwé Yorùbá sábà máa ń gbà dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èkínní ni àṣẹ: àwọn aláṣẹ ìdánwò yan ìwé, olùkọ́ sọ ọ́ fún ọmọ, òbí sì rà á. Àṣẹ lágbára, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ. Òun ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ìwé ṣì wà lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í kọjá ọjọ́ ìdánwò. Bí ọmọ bá ti dáhùn ìbéèrè tán, ìwé náà a di ohun tí wọ́n fi ń dé ìkòkò omi. Ọ̀nà kejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu: ẹnì kan kà á, ó dùn mọ́ ọn, kò sì lè dá adùn náà jẹ. Ọ̀nà kejì yìí ni ó ń sọ ènìyàn di òǹkàwé títí di ọjọ́ alẹ́.

Ní Èkó gan-an ni ẹ̀rí èyí ti wá. Ní ọdún 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó kọ wọ́n. Obìnrin náà ń ròyìn ẹwà àti fàájì ìgbà èwe rẹ̀, àti àìsàn tí ó wá tẹ orí rẹ̀ ba. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1930, àwọn lẹ́tà náà di odindi ìwé. Kì í ṣe àṣẹ ìdánwò ni ó gbé e káàkiri ìlú. Láyé ìgbà náà, ẹni tí kò mọ̀wé a máa jókòó ti ẹni tí ó mọ̀wé kí ó lè ka ìwé ìròyìn sí i létí. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé kan ṣoṣo a máa wọ etí ènìyàn púpọ̀.

Bí D. O. Fágúnwà ti to ìtàn rẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, kò yàtọ̀ sí èyí. Ọdẹ náà, Àkàrà-Oògùn, kò kọ ìtàn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá bá ẹni tí ó mọ̀wé, ó ní kí ó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ sílẹ̀. Bí ìtàn náà ti ń dùn, ìròyìn rẹ̀ tàn, àwọn ènìyàn sì ń pọ̀ sí i tí wọ́n wá gbọ́. Kí ìtàn náà tó di ohun tí ojú ń kà, etí ti jẹ àjẹyó nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè fún ẹlòmíràn kò ṣe ohun àjèjì rárá.

Níbí ni àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́. Àwọn kan gbà pé ìwé tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ènìyàn ń gbọ́ láti inú ẹ̀rọ, yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Wọ́n ní ẹni tí ó gbọ́ ìwé kò tí ì kàwé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀. Etí kò lè kọ́ ọmọ ní àkọtọ́, ohùn a sì máa sáré kọjá níbi tí ó yẹ kí ojú dúró sí. Ọmọ tí ó bá fi etí nìkan gba ìwé yóò mọ ìtàn rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n bí ó bá di ibi kíkọ, ọwọ́ rẹ̀ yóò wúwo.

Àwọn tí ó ń dá wọn lóhùn rán wọn létí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1935 ni wọ́n ti ń gbé odindi ìwé sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún àwọn afọ́jú, tí àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ nínú ogun àgbáyé kìn-ín-ní wà lára wọn. Ní Súrùlérè, ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran láti ọdún 1962. Ta ni yóò wí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ìwé tí ó gbọ́ kì í ṣe ìwé? Yàtọ̀ sí ìyẹn, èdè olóhùn ni Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn yóò máa kọsẹ̀, yóò sì rò pé èdè náà ni ó le. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ojú ewé kan láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà, tí ó sì ṣí ìwé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ó ti ń gbọ́, etí yóò fa ojú lọ́wọ́. Nígbà tí Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Ọláńrewájú Adépọ̀jù gbé ewì wọn sínú àwo, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ṣí ìwé ewì rí ni ó kọ́ ewì náà sórí. Lónìí pàápàá, nínú bọ́ọ̀sì BRT, tí ó ti ń gba títì Ìkòròdú láti ọdún 2008, ẹni tí ó wà lóòró tí ó di irin mú kò lè ṣí ìwé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò níṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Yálà láti ojú ni ìwé wọlé tàbí láti etí, ìyìn rẹ̀ ní ìlànà. “Ìwé náà dára gan-an” kò tó ìyìn, nítorí kò sí ohun tí ẹni tí ó gbọ́ ọ lè dì mú nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó ka Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969, bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn, ọ̀rẹ́ náà ti ní ohun tí yóò fi yàn. Kí ó má sì fi pa mọ́ pé òwe àti àkànlò-èdè inú rẹ̀ pọ̀, pé ẹni tí kò tí ì mọ Yorùbá kà dáadáa yóò ní láti rọra. Ó tún yẹ kí ó mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Kúyẹ̀, tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní ọdún 1964, ìtàn ọmọ aláìlóbìí tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀, yẹ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí ìwé kíkà kéékèèké. Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní ọdún 1974, lórí Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́, yẹ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìgbéyàwó ti ń kàn. Bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ mu ni à ń wọ̀.

Ìdánwò tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọmọ kan bá dìde nínú kíláàsì tí ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ìwé Yorùbá wo ni ẹ kà kẹ́yìn tí ó dùn mọ́ yín?” olùkọ́ tí ó bá ronú títí tí kò rí ju ìwé ìdánwò ọdún náà lọ ti kọ́ kíláàsì náà ní ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé ètò-ẹ̀kọ́: pé ìwé Yorùbá kì í ṣe ohun ìgbádùn. Àwọn ọmọ yóò sì gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́ ju gbogbo èyí tí ó kọ sójú pátákó lọ.

Ohun tí ó wà nínú ewu kò kéré. Atẹ̀wé kì í fi bébà ṣòfò. Ohun tí ènìyàn bá béèrè ni ó ń tẹ̀. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè yóò tán lórí àtẹ, wọn kò sì ní tún un tẹ̀. Bí ó bá ṣe ọdún díẹ̀, ẹni tí ó ń wá a yóò máa ti ilé àgbà kan bọ́ sí òmíràn. Kò sí ẹni tí ó dáná sun irú ìwé bẹ́ẹ̀. Dídákẹ́ tí àwọn tí ó gbádùn rẹ̀ dákẹ́ ni ó pa á. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń yin ìwé má ṣe jí i: ẹni tí ó bá ń pín ohùn odindi ìwé kiri láìgba àṣẹ òǹkọ̀wé ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ó sè é. Kí ó dárúkọ ìwé náà, kí ó sì sọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí kò dúró de owó ìjọba. Olùkọ́ lè ya ìṣẹ́jú márùn-ún sọ́tọ̀ ní ìparí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, kí ó dárúkọ ìwé àti ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó sọ ohun tí ó dùn mọ́ ọn níbẹ̀, ibi tí ó ti sú u, àti irú ẹni tí ìwé náà yóò wù. Lẹ́yìn náà kí ó ka ìdajì ojú ewé sókè, kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Kí wọ́n má ṣe fún un ní máàkì kankan, kí ó má baà di ìdánwò. Olùkọ́ ni kí ó sì kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bákan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó lọ sílé fún ìsinmi lè ka orí kan fún ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ rere nípa ìwé ni yóò yọ owó ìwé lápò òbí, òun náà ni yóò sì mú kí atẹ̀wé tún ìwé náà tẹ̀.