Wákàtí Márùn-ún Nínú Kasala: Àwọn Ọmọ Wa Nígbà Tí A Kò Sí Nílé

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti Kubwa wá, àwọn kan ti Lugbe, àwọn ará Karu náà kò sì gbẹ́yìn.

Nígbà tí mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé fíìmù Kasala! ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àgbà kan bi mí pé kí ló dé tí n kò mú Màámi, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2011. Wọ́n ní Yorùbá inú rẹ̀ dán, Abẹ́òkúta ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé, ọmọ inú rẹ̀ sì ní ìyá tó fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ṣùgbọ́n nílé tèmi, èmi àti ìyàwó mi nìkan la wo Màámi parí. Nígbà tó kan Kasala!, àwọn ọmọ ló pè mí wá wò ó.

Obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan, Ema Edosio, ló darí fíìmù náà, ó sì jáde ní 2018. Kasala, wàhálà ni lédè Píjìn. TJ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Abraham, Effiong àti Chikodi, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Èkó. TJ gbé ọkọ̀ ọ́ńkù rẹ̀ láìgbàṣẹ, wọ́n fẹ́ fi lọ sí pátì, ni wọ́n bá ba ọkọ̀ jẹ́. Wákàtí márùn-ún péré ló kù kí ọ́ńkù ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí owó tí wọn yóò fi tún un ṣe. Ọmọọba Jídé Kòsọ́kọ́ wà lára àwọn òṣèré inú fíìmù náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wò wọ́n láti ayé eré orí ìtàgé mọ̀ pé bí wọ́n bá kàn wo ọmọdé lásán, ẹ̀rù á bà á.

Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Èmi náà rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ bí ẹ bá yọ ẹ̀rín kúrò, ohun tó gbé ìtàn náà ró ni pé ọ̀nà tí àwọn ọmọ yẹn yàn ni kí ọkọ̀ ti dára kí àgbà tó mọ̀. Wàhálà kan sì ń bí òmíràn.

Ẹ má pè é ní ìwà ọmọ Èkó. Ní 1959, François Truffaut, ará Faransé, ṣe fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní The 400 Blows, nípa ọmọkùnrin kan ní Paris. Ọmọ náà pa iléèwé jẹ, olùkọ́ bi í léèrè ìdí, ó ní ìyá òun ló kú. Kò pẹ́ tí ìyá fúnra rẹ̀ fi yọ níléèwé! Ẹ wo ohun tí ẹ̀rù lè mú jáde lẹ́nu ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìjọba kúrò ní Èkó wá sí Abuja ní December 12, 1991, ọ̀pọ̀ nínú wa ló kó fáìlì tẹ̀lé e. Owó ilé àárín ìlú sì lé wa jáde sí ẹ̀yìn odi. Ẹni tó ń gbé Nyanya tàbí Mararaba, tó ń ṣiṣẹ́ ní Central Area, a máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ti iléèwé dé ní aago méjì ọ̀sán, òbí dé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí mẹ́fà. Ó ju ti TJ lọ.

Bí a ṣe wo fíìmù náà tán, ọmọ mi ọkùnrin bi mí pé, "Dádì, ká ní àwa la ba ọkọ̀ yín jẹ́ ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?" Kíá ni mo dáhùn pé, "Màá nà yín ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìdí tí TJ ò fi sọ nìyẹn."

N kò sùn bọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ló ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Tótó, ó ṣe bí òwe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tèmi wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Nyanya.

Mo rántí ìgbà tí mo fọ́ gíláàsì láńtánì bàbá mi. N kò gbé e pamọ́, n kò sì jí owó rà á padà. Ọ̀dọ̀ ìyá kan nínú agbolé wa ni mo sá lọ. Ìyá náà mú mi lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní, "Ẹ bá mi forí jì í." Bàbá bá mi wí náà, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ òótọ́ kí wọ́n tó bi mí. Ohun tí àwọn ọmọ wa kò ní nínú ilé onígéètì wọ̀nyí ni alábẹ̀bẹ̀. Wọn kò mọ orúkọ ará ilé kejì.

Èmi àti ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ yìí ti jọ sọ ọ́: bí ọmọ mi bá ṣe ohun tí kò lè sọ fún mi, kí ó lọ sọ fún wọn. Àwọn ni yóò mú un wá bá mi, n kò sì ní gbé ọwọ́ sókè kí n tó gbọ́rọ̀ tán. Tiwọn náà mọ ọ̀nà ilé mi. Ọmọ mi ti lọ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní sọ ohun tó ṣe fún yín.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí wọn, ẹ má dá wọn lẹ́nu.