Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Sọ̀rọ̀ Bí Gángan
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka

 

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà dá ohùn orin. Wọ́n ní kíbọ́ọ̀dù tí àwọn ń lò níbi ayẹyẹ ní ohùn gángan nínú, ṣùgbọ́n bí àwọn bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dún ni, kò sọ̀rọ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó kò lè gbọ́ èdè wa láéláé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó fa á kò ju bí ẹni tó kọ ètò náà ṣe yan ìgbà tí a óò fi nọ́ńbà sínú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbà yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ohùn tó ń jáde lára sípíkà, gbígbọ̀n ni. Páálí inú rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n, etí sì ń gbọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní awọ, kò ní kọ̀ǹgọ́, nọ́ńbà nìkan ló ní. Ó ń ka nọ́ńbà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ibi tí páálí náà yóò wà. Nọ́ńbà 44,100 ni àwo CD ń kà jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n yan iye tó pọ̀ báyìí nítorí pé etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ ohun tó ń gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, nọ́ńbà sì gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ kí ó tó lè gbé e.

Max Mathews, ẹnjiníà kan ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ló la ọ̀nà iṣẹ́ yìí ní 1957. Orin àkọ́kọ́ tó ti inú ètò rẹ̀ jáde jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 17 péré. IBM 704 tí wọ́n fi ṣe é tóbi débi pé iyàrá gbáko ló ń gbà, síbẹ̀ kò yára tó láti ka orin náà jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí téèpù, kí wọ́n tó gbé téèpù náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò sọ ọ́ di ohùn. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá yọ ìṣirò kan kúrò, owó ló yọ.

Inú ọ̀wọ́n yìí ni ọgbọ́n tí mo ń bọ̀ wá sọ ti jáde. Barry Vercoe, ọmọ New Zealand tó kọ́ni ní MIT, kọ Music 11 fún ẹ̀rọ kékeré PDP-11 ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló yẹ kí a máa ṣe ní ìgbà 44,100. Nígbà tí ó kọ Csound ní àárín àwọn ọdún 1980, ọgbọ́n yìí kan náà ló bá a lọ. Títí di òní ni wọ́n ń lo Csound, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nínú Csound, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àpótí tí a kọ orúkọ sí lára. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ló ń sọ ìgbà tí a óò máa ṣí àpótí náà. Ẹ̀yin awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yé. Ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ, a ti kọ ọ́ síwájú rẹ̀ kí ó tó kúrò ní gáréèjì, ẹnikẹ́ni kì í yí i padà lójú ọ̀nà: i nìyẹn. Iye èrò inú ọkọ̀, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń kà á ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan: k nìyẹn. Písítìn inú ẹ́ńjìnnì kò mọ ibùdókọ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ láìsinmi: a nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé gángan kalẹ̀. Onílù fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, ó sì fi apá fún ọsán ìlù. Bí ó bá fún un, ohùn a ga. Bí ó bá tú u, ohùn a wálẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn ìparí ló yà wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ kí a fi ìlù pè yín ní ẹni tó ń wa ọkọ́. Kíbọ́ọ̀dù lè gbìyànjú ìyẹn, nítorí ó lè tẹ ìró méjì tẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ pe “bàtá” kí ẹ fetí sí i. Ohùn kejì kò kàn wà lókè lásán, ńṣe ló gun òkè. Ẹ pe “rárà”, ẹ óò gbọ́ tí ohùn kejì ń yọ̀ lọ sílẹ̀. Onílù gidi ń fún ọsán nígbà tí ìlù ṣì ń dún lọ́wọ́.

Níbi tí ẹni tó kọ ètò bá ti fi gíga ohùn sínú àpótí i, nígbà tí kọ̀ǹgọ́ kan awọ ni a kọ nọ́ńbà náà. Láti ìgbà náà títí ìró yóò fi kú, kò sí ohun tó lè yí i padà. Apá ń fún ọsán, ẹ̀rọ kò wò ó. Bí a bá fi gíga náà sínú àpótí k, apá di apá. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kúrò lára ìlù tó kàn ń dún.

Bí ẹ kò bá sọ fún Csound pé kí ó ṣe òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣí àpótí k fún nọ́ńbà ohùn mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 4,410 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìlù tó dún fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, a ṣí àpótí i rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ṣí ti k ní ìgbà 8,820, ti a ní ìgbà 88,200. Iye nọ́ńbà mẹ́wàá yẹn ni wọ́n ń pè ní ksmps. Àwọn kan ń gbé e lọ sí 441 kí kọ̀ǹpútà lè sinmi. Nígbà náà, ìgbà 100 péré ni a ń ṣí k ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ohùn tó yẹ kó yọ̀ yóò máa fo bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, etí yóò gbọ́ kírrr nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń ba awọ gan-an tilẹ̀ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò ti ṣẹlẹ̀ tán kí k tó yíjú.

Ìbẹ̀rẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ká ní a fẹ́ kí ohùn máa gòkè díẹ̀díẹ̀. A ó kọ pé <i>kohun init 150</i>. Lábẹ́ rẹ̀, a ó kọ pé <i>kohun = kohun + 0.01</i>. Ọ̀rọ̀ init fi 150 sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìró bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn ti dé 194.1. Bí ẹnì kan bá kọ <i>kohun = 150</i> dípò init, a óò máa dá nọ́ńbà náà padà sí 150 ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí àpótí, kò sì ní kọjá 150.01 láéláé. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìkà láti òdo ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹ̀rọ kò ní ráhùn, nítorí gírámà méjèèjì ló tọ́. Etí yín nìkan ni yóò sọ.

Òmíràn tún wà. Ẹlòmíràn á fẹ́ wo inú àpótí k ní àkókò i, kí ó fi ohun tó bá níbẹ̀ ṣe gíga ohùn. Àkókò i ti kọjá kí iṣẹ́ k tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí a kò bá fi init sí i, òdo ni yóò bá níbẹ̀, ìlù kò sì ní dún. Wọ́n á wá máa tú wáyà sípíkà wò láìnídìí.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ aláriwo. Àwọn ohun èlò kan nínú Csound, bíi àlẹ̀ ohùn, ń rántí ohun tó ti kọjá. Bí ìró tuntun bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń nu ìrántí náà nù, àyàfi bí ẹ bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó dára kí a fi í sílẹ̀ nígbà tí a bá so ìró méjì pọ̀ láìjá. Ṣùgbọ́n nínú ètò tó ń dá ohùn padà sínú ara rẹ̀, ohun tó kù sílẹ̀ lè di ariwo. Ká ní a ń sọ ohùn di ìlọ́po 1.001 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ohun kékeré, àbí? Nígbà tí yóò fi di ìgbà 7,000, tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn náà ti ju ìlọ́po 1,000 lọ. Ẹni tó ki ẹ̀rọ bọ etí kò ní ráyè yọ ọ́. Irun wẹ́wẹ́ tó ń gbọ́ ohùn nínú etí, bí ó bá ti kú, kì í hù mọ́, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ sì ti mú nínú tiwa ná. Bí ẹ bá ń dán ètò tuntun wò, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ẹ jẹ́ kí ó ti inú sípíkà jáde, kí ẹ sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

Ẹnì kan béèrè pé níwọ̀n bí kọ̀ǹpútà òde òní ti yára, ṣé kì í ṣe kí a kàn sọ ksmps di 1, kí k máa lọ ní ìgbà 44,100 bíi a? Ó ṣeé ṣe, àwọn mìíràn sì ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà á ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i, fóònù á tètè jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n ìlù á dán. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn pa i tì. Bí ìyá ìlù ṣe tóbi tó kì í yí padà nígbà tí a bá ń lù ú, kí ni a fẹ́ máa tún un kà sí? Bí ẹ bá sì sọ ksmps di 1 lóòótọ́, ẹ padà lọ tún 0.01 tí a kọ lẹ́ẹ̀kan ṣe. Iye ìgbà tí a ń fi í kún un ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn yóò fi 441 gòkè láti 150, gángan yín á sì máa ké bí fèrè.