Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Di Àpò Náà Mú

Ọ̀rọ̀ ètò tí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn dá sílẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, iṣẹ́ tí a máa ń fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ àpéjọ ni àga títò àti omi pípín.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Kàdúná. Ní ọdún 1957 ni ilé-iṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, Hausa, Yorùbá, Ìgbò àti Gbagyi sì jọ ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ kan náà. Nígbà tí ọdún 2007 fi parí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti tìlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ baba lọ sílé láìgba owó tí ó tọ́ sí wọn.

Ní ọdún 2019, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ wọ̀nyí fẹ́ ṣe àpéjọ ní ibùdó àwọn ọ̀dọ́ kan ní apá Kakuri. Wọn yóò pe àwọn òbí wọn láti wá sọ bí iṣẹ́ náà ti rí, wọn yóò sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí a jẹ lówó sínú ìwé. Ẹgbẹ́ rán mi sí wọn gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Mo jẹ́wọ́ fún yín pé èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Mo ti kọ orúkọ alága ọjọ́ náà àti ti àwọn tí yóò jókòó níwájú. Mo sì ti mú agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ akọ̀wé wọn kà á tán, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá jẹ́ agogo márùn-ún, àwọn ará Tudun Wada kò ní wá." Láti ìgbà ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ti kó lọ sí àríwá odò, tí ọ̀pọ̀ Kristẹni sì kó wá sí gúúsù. Àgbàlagbà wo ni yóò fẹ́ gba orí afárá kọjá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú? Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n mú. Èmi tí mo gboyè ní yunifásítì, n kò ronú kàn án.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Olóṣèlú kan ní òun yóò san owó àtíbàbà àti ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bí wọ́n bá lè gbé àwòrán òun kọ́ sára ògiri. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí wọ́n gbà. Wákàtí mẹ́ta ni àwọn ọ̀dọ́ náà fi jiyàn. Lójú tèmi, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa kankan tí ó tó wákàtí mẹ́ta náà. Wọ́n dìbò: mọ́kànlá kọ̀, mẹ́jọ gbà. Kálukú dá 500 náírà. Wọ́n yá bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n yá ẹní ní mọ́sáláṣí kan. Akápò wọn, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, máa ń ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde ní gbogbo ìpàdé, títí dórí owó omi inú ọ̀rá. Nígbà wo ni ẹ̀ka tiyín ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn?

Ìwé Àdéhùn Àwọn Ọ̀dọ́ Áfíríkà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbà wọlé ní Banjul ní ọdún 2006, ka ẹni ọdún 15 sí 35 sí ọ̀dọ́, ó sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú gbogbo ètò àwùjọ. Nítorí náà, ẹ bá wọn gba gbọ̀ngàn, ẹ kọ́ wọn bí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí ẹ sì lọ jókòó lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ amúnáwá kú kí ètò tó dé ìdajì. Bàbá kan tí ó ń fi èdè Hausa sọ̀rọ̀ dìde, ó gbé ohùn sókè, ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀. Orúkọ kún ìwé náà.

Ní Mọ́ńdé, akọ̀wé wọn gbé ẹ̀dà rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kò jókòó. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé a ti gbà á, kí n sì kọ ọjọ́ tí a óò fún wọn lésì. Mo kọ ọ́.