Ẹ Má Dá Òjò Nìkan Lẹ́bi

Ìtumọ̀ “oúnjẹ tó” kò ní gbà wá lákòókò. Ní Róòmù lọ́dún 1996, àwọn ìjọba àgbáyé fẹnu kò pé oúnjẹ tó nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń rí èyí tó ṣara lóore jẹ nígbà gbogbo.

Awuyewuye àtijọ́ ló yẹ ká padà sí. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé ọ̀dá nìkan ló ń bí ìyàn, pé bí òjò bá ti kọ̀ ní Sàhẹ́lì, ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹbi kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà, ti fèsì fún wọn nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1981: oúnjẹ lè kún ọjà kí ebi ṣì pa ẹni tí kò lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè Niger fi èyí hàn ní 2005. Òótọ́ ni pé ọ̀dá àti eṣú ti ba oko jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú. Síbẹ̀, jéró wà lọ́jà. Apá tálákà ni kò ká a, àwọn oníṣòwò sì ń kó lára rẹ̀ wá sí Nàìjíríà níbi tí owó rẹ̀ ti ga jù.

Kí la tilẹ̀ ń lọ jìnnà sí? Ẹ jẹ́ ká dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn níhìn-ín. Ẹni tó mọ ọjà yẹn mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀wà bá pọ̀, ìyá ẹlẹ́wà a kó o lé kóńgò títí yóò fi ṣorí ṣonṣo, a tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i ní ènì. Bí ọjà bá wọ́n, ènì ló kọ́kọ́ ń sá. Ní òpin oṣù Kejì 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró. Bíi ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Owó tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹran fò sókè níhìn-ín, nígbà tí tòmátì ń jẹrà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ́hùn-ún. Òjò wo ló dá ìyẹn sílẹ̀?

Ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Nígbà èwe ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ewédú àti ìbẹ́pẹ kì í wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé Bódìjà. Lónìí a ti da kọnkéré kan ògiri, a sì ń ráhùn pé tẹ̀tẹ̀ wọ́n. Kò dára bẹ́ẹ̀.

Ojútùú kò jìnnà sí wa. Láti 1967 ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà nílùú wa yìí. Wọ́n ti mú ẹ̀wà jáde tó ń gbó ní bíi 60 ọjọ́, kí òjò tó dá. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ń gba ẹ̀wà lọ́wọ́ kòkòrò láìsí oògùn.

Ó ku ibi tí ìjọba yóò máa kó oúnjẹ pamọ́ sí. Tí ẹ bá dé Àgodi, níbi tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, ẹ bi àwọn aṣòfin yín: bí ọkọ̀ ẹrù kò bá wọ Bódìjà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló wà nípamọ́ fún tálákà àdúgbò Agbowó?