Àwòrán Omi Tí Mo Ta Látaré

Tíṣà ni mí ní Ayewa níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ń tì mí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí kòrónà, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Kí n pe èèyàn, kí n gbé ìpè, mi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló bá mi dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀. Mo ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan mo fi ìròyìn kan síbẹ̀ láti BBC Yorùbá. Kílẹ̀ ó tó ṣú, ọmọ mẹ́tàlá ti fèsì!

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun o. Lọ́dún 1859, ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, torí ó fẹ́ kí àwọn èèyàn máa kàwé. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. BBC Yorùbá tó dé ní 2018, ọ̀fẹ́ ni. Àfi dátà. (Dátà ọ̀hún náà kì í ṣe kékeré.)

Bá a ṣe wọlé padà, ó di àṣà wa. Ọmọ kan á ka ìròyìn, òmíràn á fi èdè wa tibí tún un sọ, ẹ̀rín á sì sọ. Mo máa ń bi wọ́n pé: ta ló sọ ọ́? Níbo? Ọjọ́ wo? Àwọn náà ń kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ lẹ́tà di ńlá, àti bí mo ṣe máa tọ́jú ojú ewé kan pamọ́ de ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ.

Ó wá di oṣù kẹwàá ọdún 2022. Odò Ọya àti Bẹ́núé kún, omi gba Lọ́kọ́ja. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kọjá lójú ọ̀nà Ganaja. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: bọ́ọ̀sì tó rì, èèyàn lórí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà ni, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi tíṣà, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ta á látaré sí gúrúùpù.

Ìyá ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì náà ti lọ ra ẹja ní Lọ́kọ́ja. Fóònù ẹ̀ ò lọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ lọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà mi, ó pọn àbúrò ẹ̀ sẹ́yìn, ó ń gbọ̀n. Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un.

Ibi tá a jókòó sí ni fóònù mi ti dún. Ọmọkùnrin kan ló kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ti rí i?" Kí n tó fèsì, òmíràn ti fi Google Lens wá àwòrán náà. Ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2012. Kì í tiẹ̀ ṣe Nàìjíríà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìyá náà wọlé. Kò rí ọkọ̀ ló ṣe sùn sọ́hùn-ún, iná fóònù ẹ̀ sì ti kú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ àwọn ọmọ náà níwájú kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi dáhùn ìkíni mi.

Mo fi ọmọkùnrin yẹn àti ọmọ ìyá ẹlẹ́ja ṣe alákòóso gúrúùpù. Ohun tí mo bá fẹ́ fi síbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n tó ṣe WAEC tán, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n dá tèmi padà.