Ìwé Ìwáṣẹ́ Fún Iṣẹ́ Orí Ayélujára



Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín kò ní gbàgbé àwọn akọ̀wé tí wọ́n máa ń gbé tábìlì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ yóò san owó díẹ̀, akọ̀wé yóò sì fi ẹ̀rọ tẹ lẹ́tà tí ó kún fún Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá fún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni lẹ́tà káfíńtà àti lẹ́tà olùkọ́ máa ń jọra bí ìbejì. Orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀. Àwọn akọ̀wé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe wọn kò tán. Ó ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé.

Iṣẹ́ kan wà nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò tíì kà sí iṣẹ́. Láti ìgbà tí Facebook ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, tí WhatsApp dé ní 2009 àti Instagram ní 2010, àwọn oníṣòwò, ilé ìwòsàn, ilé-ìwé àti ìjọba pàápàá ti ń gba ènìyàn láti máa bójú tó ojú òpó wọn lórí ayélujára. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, tí yóò máa ya àwòrán, tí yóò máa dá oníbàárà lóhùn. Ọmọ tí ó jókòó ní Ìfọ́n tàbí ní Ìlobùú lè ṣe é fún ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Èkó, bí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá tó rí ọmọ náà, ìwé rẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní CV ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Ìfọ́n, kí á ní ó ti ń bá ìyá rẹ̀ ta èlùbọ́. Fún odindi ọdún kan ni ó fi ń gbé àwòrán èlùbọ́ sórí Facebook, tí ó ń dá àwọn tí ó béèrè lóhùn, tí ó sì ń di ẹrù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ó fẹ́ kọ ìwé ìwáṣẹ́, ohun tí ó kọ ni pé: “Mo jẹ́ olóòótọ́, mo lè ṣiṣẹ́ takuntakun, mo sì mọ ayélujára lò.” Kò mẹ́nu kan èlùbọ́ rárá. Ìtìjú ni ó mú un. Ó rò pé iṣẹ́ ìyá ẹni kì í ṣe iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni èlùbọ́ náà gan-an ni ọ̀gá ń wá!

Kí ó kọ ọ́ báyìí: “Ní ọdún 2024, èmi ni mo bójú tó ojú òpó tí a fi ń ta èlùbọ́. Olùtẹ̀lé 40 ni ó ní nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di 900. Nínú ènìyàn 10 tí ó bá béèrè, 3 ni ó ń rà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ iye owó sí abẹ́ àwòrán, wọ́n di 5.” Bákan náà ni ẹni tí ó ya fídíò ọdún Erinlẹ̀ ní Ìlobùú ṣe yẹ kí ó kọ ọjọ́ tí ó yà á, iye ènìyàn tí ó wò ó, àti ibi tí ọ̀gá ti lè rí i.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1482, Leonardo da Vinci, ará Ítálì, kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí Ludovico Sforza, alákòóso Milan. Ayàwòrán ni ayé mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n afárá tí ó ṣeé gbé kiri àti ohun ìjà ni ó kọ síwájú, nítorí ogun ni ó wà lọ́kàn alákòóso; ó fi àwòrán yíyà sí apá ìsàlẹ̀. (Kò sì sí ibi tí ó ti dárúkọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.)

Kí ọ̀dọ́ má ṣe gbé gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ lé orúkọ òpó kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó kọ pé òun mọ bí a ti ń pàrọwà fún oníbàárà tí inú ń bí, ìmọ̀ tirẹ̀ kò bá Twitter lọ.

Àwọn mìíràn a máa sọ 900 di 9,000. Ojú òpó kì í ṣe inú àpótí. Ọ̀gá yóò ṣí i, yóò kà á, yóò sì ka èébú tí ẹni náà bú aládùúgbò rẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí ń báni kọ̀wé, irú ChatGPT tí ó jáde ní ọdún 2022, lè tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni òun náà: bí a kò bá sọ ti èlùbọ́ fún un, kò lè mọ̀ ọ́n.

Ojú ìwé kan tó. Kí nọ́ńbà fóònù jẹ́ èyí tí ń wọlé. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní kí a san owó fọ́ọ̀mù kí òun tó fúnni ní iṣẹ́, kí a fi í sílẹ̀.

Kí ọmọ náà tó fi ìwé ránṣẹ́, kí ó kà á sétí ìyá rẹ̀. Bí ìyá kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ìyá ni ó mọ iye èlùbọ́ tí wọ́n tà, bí irọ́ bá wọ inú rẹ̀, òun ni yóò wí pé, “Ọmọ mi, a kò tà tó bẹ́ẹ̀ o.”