ILÉ KEJÌ NÍNÚ PÚLỌ́Ọ̀TÌ KAN: KÍ A TÓ FI BÚLỌ́Ọ̀KÙ LÉLẸ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa ní Adó-Èkìtì)



Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú: ilé kejì tí à ń kọ́ sẹ́yìn ilé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bọ́ìsì kọ́tà. Àwọn kan lè máa bi ara wọn pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ilé kíkọ́. Ó kàn wá gan-an. Owó oṣù wa ló ń lọ síbẹ̀. Owó alájẹṣẹ́kù wa ló ń lọ síbẹ̀. Bí a bá sì fẹ̀yìn tì, owó ilé tí ń ti ibẹ̀ wọlé ni púpọ̀ nínú wa gbójú lé, nítorí owó ìfẹ̀yìntì kì í tètè dé. Àwa tí a kò tíì ní ilé ńkọ́? Inú bọ́ìsì kọ́tà ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ wa ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, tí a kò ní dárúkọ, yá owó lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù, ó fi kọ́ yàrá mẹ́rin sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ní ìwé tí mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ fún un. Ó ní ìwé sọ̀fíyọ̀. Ó rò pé ìwé ti pé. Nígbà tó ku kí wọ́n kan páànù, àwọn elétò ìlú dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Wọ́n béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kò ní in. Wọ́n na okùn ìwọ̀n sẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ bàtà 3 péré ló wà láàárín ògiri rẹ̀ àti ààlà aládùúgbò. Òjò ọdún méjì rọ̀ sórí búlọ́ọ̀kù náà, alájẹṣẹ́kù sì ń yọ owó tirẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù. Àwa tí a bá a lọ bẹ̀bẹ̀ rí i fúnra wa: ẹ̀bẹ̀ kò lè sọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta di mẹ́wàá.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi di ti ẹgbẹ́.

IBI TÍ ORÚKỌ NÁÀ TI WÁ

Kíkọ́ ilé púpọ̀ sójú kan kì í ṣe àjèjì sí wa. Agbo ilé ni àwọn baba wa gbé. Ṣùgbọ́n agbo ilé ní àgbàlá láàárín, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ojú ọ̀run ń hàn, omi òjò sì mọ ọ̀nà tó ń gbà jáde.

Bọ́ìsì kọ́tà ní tirẹ̀, ọwọ́ òyìnbó amúnisìn ló ti wá. Wọ́n ya àdúgbò tiwọn sọ́tọ̀, èyí tí a ń pè ní G.R.A. títí di òní. Nígbà ìjọba Lugard, lábẹ́ òfin ìlú ti ọdún 1917, ìlànà wọn ni pé kí ilẹ̀ tí kò ní ilé lórí, tó fẹ̀ tó 440 yáàdì, wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe kí wọ́n má ní kúkù àti ọmọ ọ̀dọ̀ nítòsí. Wọ́n wá kọ́ ilé ńlá síwájú fún ọ̀gá, wọ́n kọ́ èyí tó kéré sẹ́yìn fún ìránṣẹ́. Ọkùnrin tó ní aya, tó ní ọmọ, tó ti hu irùngbọ̀n, “bọ́ì” ni wọ́n ń pè é. Ilé “bọ́ì” ló di bọ́ìsì kọ́tà.

Àwọn òyìnbó lọ, ilé náà kò lọ. Nílùú Adó níbí, yunifásítì ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọdún náà gan-an ni Pólì ìjọba àpapọ̀ kó dé láti Àkúrẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Adó sì di olú ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá yàrá, awakọ̀ ń wá yàrá. Ẹni tó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé rí i pé owó wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Bí kò bá sí bọ́ìsì kọ́tà, níbo ni púpọ̀ nínú wa ì bá máa gbé?

ÌWÉ MẸ́TA, IṢẸ́ MẸ́TA

Ohun tó ń kó wa sí wàhálà jù ni pé a rò pé ìwé kan lè ṣe iṣẹ́ gbogbo ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí.

Ìwé àkọ́kọ́ ni ìwé rírà pẹ̀lú ìwé sọ̀fíyọ̀. Ó ń sọ ẹni tí ẹ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ibi tí ààlà yín dé.

Ìwé kejì ni ìwé àṣẹ Gómìnà, èyí tí a ń pè ní C of O. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ló gbé e wá. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà kó máa bójú tó o fún ìlò gbogbo ènìyàn. Ìwé yìí ń sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀. Kò sọ pé kí ẹ kọ́ ohun tó bá wù yín sórí rẹ̀.

Ìwé kẹta ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé, pílánì tí ọ́fíìsì ètò ìlú ti fọwọ́ sí. Òfin ètò ìlú àti ìgbèríko, Nọ́ńbà 88 ti ọdún 1992, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé láìgba àṣẹ yìí. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a nínú ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìjọba Èkìtì níbí ni ẹjọ́ wa wà, kò sí ní Àbújá.

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ: àṣẹ tí ẹ gbà fún ilé iwájú kì í ṣe àṣẹ fún ilé ẹ̀yìn, àfi bí ilé ẹ̀yìn bá ti wà nínú pílánì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ ní láti gba òmíràn.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń WỌN ẸSẸ̀ BÀTÀ

Àwọn kan ní owó nìkan ni ìjọba ń wá. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé púlọ́ọ̀tì kan kalẹ̀ ká wò ó.

Púlọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi mítà 6 síwájú, mítà 3 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn, ṣe àpẹẹrẹ. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 níwájú, 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, 10 lẹ́yìn. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wa ni 30 ní ìbú, 70 ní gígùn. Bí ilé iwájú bá gba 45 nínú gígùn náà, tí a fi 10 sílẹ̀ láàárín ilé méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀, 15 ló kù. Bọ́ìsì kọ́tà 30 sí 15 nìyẹn: yàrá méjì tó mọ́lẹ̀, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kékeré. Ó ṣe é ṣe! Ṣùgbọ́n yàrá méjì ni, kì í ṣe mẹ́rin, ó sì ní láti jẹ́ pé a ti rò ó kí a tó kọ́ ilé iwájú. Ẹni tó ti na ilé iwájú dé 60 ti jẹ ilẹ̀ bọ́ìsì kọ́tà rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Kí ni àlàfo wọ̀nyí wà fún? Bí iná bá sọ lálẹ́, ibẹ̀ ni a ó gbà gbé ọmọ jáde. Ibẹ̀ ni òjò yóò gbà lọ sójú gọ́tà. Láti ibẹ̀ ni fèrèsé ti ń rí afẹ́fẹ́. Ẹni tó ti sùn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, nínú ooru oṣù kẹta, tí iná mànàmáná kò sí, kò nílò kí a ṣe àlàyé fún un.

Ṣùgbọ́n èyí tó léwu jù ni omi. Omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé ní ilé púpọ̀, kànga ni a gbójú lé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà ni sókàwéè wà, ihò tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń rì sí. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà ń lò ni pé kí ó tó mítà 30 láàárín méjèèjì. Mítà 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100. Ẹ ti rí i? Gígùn púlọ́ọ̀tì wa látòkè délẹ̀ nìyẹn! Ilé kan ṣoṣo gan-an, agbára káká ni yóò fi rí i. Bí a bá wá gbẹ́ sókàwéè kejì fún bọ́ìsì kọ́tà, tí aládùúgbò náà sì gbẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn ògiri, a jẹ́ pé kànga ti wà láàárín wọn. Ilẹ̀ Adó sì jẹ́ ilẹ̀ olókùúta. Àpáta kò jìnnà sílẹ̀ ní ibi púpọ̀, omi ẹ̀gbin kò sì rí ilẹ̀ jíjìn rì sí. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi, a ó máa sọ pé ìlé rẹ̀ ń fọ́ ni. Àìsàn ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti onígbáméjì kì í wo ojú onílé tàbí ayálégbé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́bàá odò ní Adó, ẹ tún ṣọ́ra sí i. Ẹ rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Odò náà gba ọ̀nà rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́lé sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ.

OHUN TÓ TỌ́ SÍ WA LÁTI BÉÈRÈ

A ti bá ara wa wí, ó tó. Ẹ jẹ́ ká kọjú sí ìjọba wàyí.

Ní Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ìlú púpọ̀ kò fẹ́ kí ènìyàn kọ́ ilé kejì sẹ́yìn ilé. Owó ilé ga, òṣìṣẹ́ ń lọ gbé ibi tó jìnnà sí ẹnu iṣẹ́. Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tó ní kí àwọn ìlú máa gbà á láyè. Láti ọdún 2020, ọ́fíìsì ìlú gbọ́dọ̀ dá ẹni tó bá mú pílánì pípé wá lóhùn láàárín 60 ọjọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 4 péré ni wọ́n lè ní kí irú ilé tuntun bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe sọ pé kí a ṣe mẹ́rin tiwọn níbí o. Páìpù ló ń gbé omi wá, tó sì ń gbé ẹ̀gbin lọ, ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú wọn. Ohun tí a lè kọ́ lára wọn ni ọjọ́ tó dájú. Òṣìṣẹ́ tó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí wọ́n ń sọ pé “ẹ padà wá lọ́la”, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣòfò lè ju owó pílánì lọ. Ìyẹn ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́lé lóru.

Nítorí náà, a fi àbá mẹ́ta síwájú ìpàdé yìí.

Èkíní, kí alájẹṣẹ́kù wa má yá ẹnikẹ́ni lówó búlọ́ọ̀kù fún ilé kejì láìrí ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ yá a lówó tí yóò fi ya pílánì, tí yóò sì fi san owó ìjọba. Àwa mọ̀ pé èyí yóò dun àwọn kan. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná.

Èkejì, kí ẹ̀ka yìí kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n lẹ iye owó àti iye ọjọ́ mọ́ ojú pátákó, kí wọ́n sì ya àwòrán bọ́ìsì kọ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, tí olówó kékeré lè rà ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀kẹta, kí àwa onílé inú ẹgbẹ́ yìí rántí ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Fèrèsé méjì fún yàrá kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé wọ̀, sókàwéè kan tó jìnnà sí kànga. Ẹni tó pe ọkùnrin ní “bọ́ì” ti lọ. Kí àwa náà má ṣe fi irú yàrá tí “bọ́ì” sùn sí fún òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba nílò kí a gbọ́ràn, àwa náà nílò kí wọ́n rọra. Ẹni tó fara mọ́ àbá yìí, kó na ọwọ́ sókè kí Akọ̀wé lè kà á. Ẹni tí kò fara mọ́ ọn, kó dìde sọ tirẹ̀, a ti ṣetán láti gbọ́.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́.